Ẹja Tí Wọ́n Ní Ó Ń Gbálẹ̀

Ọmọkùnrin náà ti tẹ imú mọ́ gíláàsì. Ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀, ẹ̀bá títì ló wà ní Surulere, àwọn àpótí ẹja sì tò lórí ara wọn títí kan àjà. Iná ti lọ láti ọ̀sán. Jẹnẹrétọ̀ tó wà níta ló ń gbé àwọn pọ́ǹpù, omi sì ń hó nínú gbogbo àpótí. Goldfish mẹ́rin ni ìyá ọmọ náà wá rà. Wọ́n ti so wọ́n sínú ọ̀rá tán kí olùtajà tó nàka sí ẹja dúdú kan tó fi ẹnu lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ gíláàsì, tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n fi agbálẹ̀ kan kún un fún yín."

"Kí ni ìyẹn ń jẹ?"

"Kò ní ná yín ní kọ́bọ̀, mà. Ìdọ̀tí inú gíláàsì yẹn náà ló ń jẹ. Òun ló máa bá yín tún ilé àwọn yòókù ṣe."

"Ṣé kò ní tóbi jù?"

"Rárá o. Bí àpótí bá ṣe mọ ni òun náà ṣe máa mọ."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ká ní irú rẹ̀ wà fún ilé ìdáná ni, òun ìbá ra méjì. Ó sanwó, ọmọ gba ọ̀rá, wọ́n lọ.

Irọ́ mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ olùtajà yẹn, ó sì ṣeé ṣe kí òun fúnra rẹ̀ má mọ̀ pé irọ́ ni, torí bí wọ́n ṣe tà á fún òun náà nìyẹn. Pleco ni orúkọ ẹja náà lẹ́nu àwọn tó ń sin ẹja fún ọ̀ṣọ́. Sucker ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é ní Èkó. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù dé Houston, ọ̀rọ̀ ìpolówó kan náà ló ń tẹ̀ lé e kiri: pé òṣìṣẹ́ ni. Ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ kò ní wá oúnjẹ fún un, kò sì ní wá àyè fún un. Ibi tí ìyà ẹja yìí ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìyà ẹni tó rà á náà kò sì ní pẹ́ tẹ̀ lé e.

Ìbátan àrọ̀ láti òkè òkun

Gúúsù Amẹ́ríkà ni pleco ti wá, láti inú àwọn odò Brazil, Peru, Venezuela, Suriname àti àwọn tó múlé gbè wọ́n. Carl Linnaeus, onímọ̀ ọmọ Sweden, ti kọ ọ̀kan nínú wọn sínú ìwé láti 1758. Ìdílé wọn, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Loricariidae, ló pọ̀ jù nínú gbogbo ìdílé ẹja tó bá àrọ̀ tan. Irú tó wà nínú rẹ̀ lé ní 900. Wọ́n pọ̀ débi pé ní 1988, DATZ, ìwé ìròyìn àwọn olùsìn ẹja ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tí kò tíì lórúkọ ní nọ́ńbà. Lẹ́tà L ló ṣáájú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà yẹn náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń jẹ́ lọ́jà títí di òní.

Ẹni tó bá mọ àrọ̀ dáadáa kò ní pẹ́ rí ìbátan náà. Àwọn méjèèjì nírungbọ̀n. Òru làwọn méjèèjì fẹ́ràn láti máa rìn. Bí afẹ́fẹ́ inú omi bá sì tán, àwọn méjèèjì lè gòkè wá mí sínú: àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjàgbá rẹ̀ fún un, pleco ní tiẹ̀ á gbé afẹ́fẹ́ mì, ikùn ni yóò sì ti lò ó. Ìdí rèé tí pleco fi lè wà lórí ilẹ̀ tútù fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ó má kú.

Awọ ara ni wọ́n ti yàtọ̀. Ara àrọ̀ ń yọ̀, kò ní ìpẹ́. Pleco wọ egungun pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ láti orí dé ìrù, ẹ̀gún líle sì wà níwájú lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ àti ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ẹ̀rù bá bà á, ó máa na àwọn ẹ̀gún yìí síta, wọn á le gbọingbọin. Nítorí náà, àwọ̀n kọ́ ni wọ́n fi ń mú un. Ẹ̀gún á há sójú àwọ̀n, wọn á sì fa lẹ́bẹ́ rẹ̀ ya níbi tí wọ́n ti fẹ́ tú u. Abọ́ ni kí ẹ fi darí rẹ̀, kí ẹ gbé òun àti omi rẹ̀ pa pọ̀.

Ẹnu rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ orí ló sọ ọ́ di ẹja ọjà. Nínú odò tó ń ṣàn kíkankíkan, ẹnu yẹn ló fi ń di àpáta àti igi mú kí omi má gbà á lọ, eyín wẹ́wẹ́ tó tò síbẹ̀ ló sì fi ń ha ohun tó bá hù sára wọn. Ojú rẹ̀ náà jẹ́ ìyanu fún ẹni tó bá ní sùúrù láti wò ó: awọ pẹ́ńpẹ́ kan máa ń sọ̀ kalẹ̀ bo àárín ẹyinjú bí iná bá mọ́lẹ̀ jù, á sì ká sókè bí ilẹ̀ bá ṣú.

Ní ìlú rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń pè é ní agbálẹ̀. Ní agbègbè Amazon ní Brazil, acari tàbí bodó ni wọ́n ń pè é, oúnjẹ ni. Wọ́n máa ń sun ún lórí iná pẹ̀lú egungun ara rẹ̀. Lágbègbè Santarém, wọ́n ń yan ẹran rẹ̀ gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pè ní piracuí. Ẹ sọ fún ìyálọ́jà kan níbẹ̀ pé a ń ra ẹja yìí kí ó lè bá wa nu gíláàsì, kí ẹ wo bí yóò ṣe rẹ́rìn-ín.

Ta ló ń gbálẹ̀ fún ta?

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ olùtajà. Ọmọ pleco máa ń ha ewédò aláwọ̀ ewé tó ń bo gíláàsì, ó sì ń ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n àpótí ilé kan kì í ní ewédò tó tó bọ́ ọ yó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ó bá ha gbogbo rẹ̀ tán, tí ẹni tó ni ín sì gbà pé kò yẹ kí òun fún un ní nǹkan mìíràn, ebi ló kù. Ọ̀pọ̀ pleco tí wọ́n ní ó "ṣàdédé kú" nínú gíláàsì mímọ́ tónítóní, ebi ló pa wọ́n.

Bí ó bá tún dàgbà, ọ̀lẹ ló ń yà nídìí ewédò. Ó ti mọ̀ pé oúnjẹ ń bọ̀ láti òkè, kí ló kù tó ń ha gíláàsì fún? Ìdọ̀tí tí òun fúnra rẹ̀ ń yà sì wá pọ̀. Ọkùnrin kan ní Ìbàdàn tó ti ń sin ẹja láti ìgbà tó wà ní yunifásítì kò fi dídùn sọ ọ́: "Ẹni tó bá ra pleco torí ìmọ́tótó kò tíì rí ìgbẹ́ rẹ̀ ni. Ó máa ń gùn bí okùn. Àárọ̀ tí mo bá jí, ìsàlẹ̀ àpótí á ti kún. Èmi gan-an ni agbálẹ̀."

Ìgbẹ́ ẹja náà kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀, bí àwọn kan ṣe rò. Ewé àti ohun tó hù sára igi ni ìfun gígùn rẹ̀ wà fún. A sì dúpẹ́ pé ohun tó fẹ́ jẹ kò jìnnà sí ọjà wa. Ẹ gé kùkúḿbà pẹlẹbẹ, kí ẹ so ó mọ́ òkúta kí ó lè rì. Ẹ bọ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ nínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú kan, láìsí iyọ̀, láìsí káún. Elégédé tí wọ́n sè díẹ̀ dára púpọ̀ fún un. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tún ń ta oúnjẹ róbótó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ewédò ṣe, tó máa ń rì sísàlẹ̀. Ìyẹn náà dára.

Alẹ́ ni kí ẹ gbé e sí i, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa iná àpótí, torí ìgbà yẹn ló ń jáde. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹ kó èyí tó bá ṣẹ́kù. Nínú ooru tiwa yìí, kùkúḿbà tó bá sùn sínú omi lóru méjì á ba gbogbo omi jẹ́.

Oúnjẹ àrọ̀ tí wọ́n ń kó sínú àpò, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fún un torí pé owó rẹ̀ kò pọ̀, kò bá ikùn rẹ̀ mu. Wọ́n ṣe ìyẹn láti mú àrọ̀ sanra kíákíá fún ọjà. Èyí tó tún ń léfòó nínú rẹ̀ kò tilẹ̀ ní dé ọ̀dọ̀ ẹja tó ń gbé ìsàlẹ̀.

Ó tún nílò igi. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán: ó ń ha á, ó ń sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, àwọn irú kan bíi Panaque sì ń jẹ igi gan-an. Igi líle tó ti gbẹ, tí kò ní ọ̀dà àti oògùn kòkòrò lára, ni kí ẹ wá. Ẹ sè é, kí ẹ sì rẹ ẹ́ sómi títí yóò fi rì. Ó lè sọ omi di pípọ́n bíi ti àgbo, kò léwu.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń jẹun yó, ẹ wo ikùn rẹ̀ nígbà tó bá lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ikùn tó tẹ́ tàbí tó yọ díẹ̀ dára. Èyí tó bá wọnú lọ, ebi ni. Pleco ńlá tí ebi ń pa máa ń lẹ̀ mọ́ ara ẹja tí kì í yára, pàápàá goldfish àti discus, á sì máa ha omi yíyọ̀ ara wọn jẹ títí ara á fi bó. Goldfish yìí kan náà ni wọ́n sì sábà máa ń tà á mọ́.

Omi ni ìṣòro, iná ni èkejì

Pleco tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Pterygoplichthys, máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 40, àwọn míì sì máa ń tó 50. Nígbà tí ẹ bá fi máa rà á, kò ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́jọ lọ. Ó lè lo ọdún 10 sí 15 lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́. Ọ̀rọ̀ pé àpótí ló máa pinnu bí yóò ṣe tóbi kò rí bẹ́ẹ̀. Àpótí kékeré lè ká a lọ́wọ́ kò lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ìdọ̀tí àti àìrọ́wọ́ná ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ ni yóò sì fi dí i.

Ẹja tó gùn tó apá èèyàn kò lè yí padà nínú àpótí orí tábìlì. Lítà 300 ni ọ̀pọ̀ olùsìn ẹja kà sí èyí tó kéré jù fún un, àwọn míì tilẹ̀ ń sọ pé 450. Omi tó tó ìyẹn wúwo tó kílógíráàmù 300 sí 450, láìtíì ka gíláàsì àti òkúta. Kí ẹni tó ń gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bi lándíọ́ọ̀dù léèrè kó tó gbé e sí pálọ̀.

Omi tuntun kì í ṣe ilé fún ẹja lọ́jọ́ tí ẹ bá pọn ọ́n. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ẹja ń di amóníà, amóníà sì ń pa ẹja. Bakitéríà kan wà tó ń sọ amóníà di nítíráìtì, tí òun náà jẹ́ májèlé. Òmíràn á wá sọ nítíráìtì di nítíréètì, tí ara ẹja lè gbà bí kò bá pọ̀ jù. Inú kànìnkànìn fílítà àti ara òkúta ni àwọn bakitéríà yìí ń gbé, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n sì sábà máa ń gbà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ẹni tó ra àpótí àti ẹja lọ́jọ́ kan náà kò fún wọn láyè. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ máa pààrọ̀ bí ìdámẹ́rin omi lọ́sẹ̀, kí ẹ má sì fi omi ẹ̀rọ fọ kànìnkànìn fílítà. Omi àpótí tí ẹ fà jáde ni kí ẹ fi ṣàn án.

Omi ìjọba máa ń ní klórínì, ó sì ń pa ẹja àti bakitéríà. Bí klórínì lásán bá ni, kí omi náà sùn sínú bàsíà ní ìta mọ́jú, á ti jáde. Omi bohóòlù kì í sábà ní klórínì, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó ó máa ń kan, á sì ní irin nínú. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń fi pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ sí i nínú dúrọ́ọ̀mù fún ọjọ́ kan kí wọ́n tó lò ó. Ti ooru omi kò ṣòro: ìwọ̀n 24 sí 28 ni ẹja yìí ń fẹ́, yàrá wa kò sì jìnnà sí i. Ẹni tó wà ní Peckham tàbí Chicago ló gbọ́dọ̀ ra ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná.

Ìyà tiwa ni iná. Bí NẸ́PÀ bá mú un, fílítà á dákẹ́, omi á dúró, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Pleco lè gòkè wá gbé afẹ́fẹ́ mì. Àwọn ẹja yòókù inú àpótí lè má rí i ṣe. Èyí tó tún burú ni pé bakitéríà inú fílítà náà ń mí. Bí omi kò bá gba ibẹ̀ kọjá fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ìdọ̀tí inú rẹ̀ á jẹrà, ọjọ́ tí iná bá sì dé, fílítà á tu gbogbo rẹ̀ dà sórí ẹja.

Olùkọ́ kan ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹja, tó tún ní àpótí nílé, sọ ohun tó ń ṣe. "Bí iná bá lọ, n kì í fún wọn lóúnjẹ. Ẹja tó sùn lébi ọjọ́ kan kò ní kú, ṣùgbọ́n èyí tó jẹun sínú omi tó dúró lè kú. Mo ra pọ́ǹpù kékeré tó ń lo bátìrì, mo sì tún ń fi abọ́ bu omi, máa dà á padà láti òkè. Bí iná bá ti lọ mọ́jú, mo máa ń ṣan fílítà kí n tó tàn án." Ó ní àwọn tó ní ínfátà ni ọba nídìí iṣẹ́ yìí.

Irú èwo ló yẹ ilé?

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ pleco lẹ́yìn gbogbo èyí, ó wà. Ẹ bèèrè Ancistrus, èyí tí àwọn olówò ń pè ní bristlenose. Kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, àpótí lítà 100 gbà á dáadáa, ó sì ń ha ewédò títí dọjọ́ ogbó ju èyí ńlá lọ. Akọ rẹ̀ máa ń hu nǹkan bí ẹ̀ka igi sí imú, kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n baba gidi ni: òun ló ń wọ inú ihò ṣọ́ ẹyin, tí á máa fi lẹ́bẹ́ fẹ́ omi sí i títí á fi pa. Bí wọ́n bá ti fi ìkòkò amọ̀ kékeré dùbúlẹ̀ fún un, kò bèèrè ju ìyẹn lọ.

Èyí tó rẹwà jù nínú ìdílé náà, Hypancistrus zebra, aláwọ̀ dúdú àti funfun, kì í ṣe ti pálọ̀ olówó kékeré. Odò Xingu ní Brazil nìkan ló ti wá, ibi tí wọ́n ti kọ́ ìdídò Belo Monte. Brazil ti fòfin de kíkó o jáde, ní 2022 sì ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn CITES fohùn ṣọ̀kan láti máa ṣọ́ òwò rẹ̀ káàkiri ayé. Bí ẹnì kan bá ń tà á fún yín láìní ìwé, ẹ yẹra.

Odò kọ́ ni ibi ìdápadà

Kí wá ni ẹni tó ti ra èyí ńlá máa ń ṣe bí ó bá gùn tó apá? Àánú máa ń ṣe é. Kò fẹ́ pa á, kò sì rí ẹni gbà á. Yóò gbé e sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lálẹ́, yóò lọ dà á sínú odò, yóò sì gbà pé òun ṣe dáadáa.

Bí pleco ṣe dé odò àwọn ẹlòmíràn nìyẹn, yàtọ̀ sí èyí tó sá jáde láti inú adágún àwọn tó ń sìn ín fún títà. Ní Florida, ó ti kún àwọn odò. Ó ń lẹ̀ mọ́ ara manatee, ẹran omi ńlá tó wá sá fún òtútù níbi ìsun omi, ó ń ha ohun tó hù sí i lára, kò sì jẹ́ kí ó sinmi. Ní Infiernillo ní Mexico, ìdídò tí àwọn apẹja rẹ̀ ti ń fi tilápíà jẹun, pleco ló wá ń kún àwọ̀n, tí wọ́n ń kó dà sí etí omi. Ní Philippines, ó gba Laguna de Bay àti odò Marikina. Ẹ̀gún rẹ̀ ń fa àwọ̀n ya, àwọn ará ibẹ̀ sì ń pè é ní janitor fish, orúkọ ìpolówó yẹn kan náà. Ní Puerto Rico, wọ́n ti rí ẹyẹ pelican tó kú nítorí pé ẹ̀gún pleco há a lọ́fun. Gúúsù Áfíríkà náà kò yọ: ó ti ń bí nínú odò Nseleni ní KwaZulu-Natal.

Ilẹ̀ etídò náà kò gbádùn. Àwọn akọ máa ń gbẹ́ ihò wọnú bèbè láti ṣọ́ ẹyin síbẹ̀, ihò náà lè jìn tó mítà kan, bí wọ́n bá sì pọ̀, bèbè á bẹ̀rẹ̀ sí í ya lulẹ̀. Àwọn ibi wọ̀nyí kò fi ooru omi ju Ọ̀ṣun, Ògùn àti ọ̀sà Èkó lọ. Apẹja kan ní Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n fi àwòrán pleco hàn lórí fóònù, wò ó títí, ó sì bèèrè ohun kan ṣoṣo: "Ta ló máa ra ìyẹn lọ́wọ́ mi?"

Nítorí náà, ẹ má dà á sódò, ẹ má dà á sí kànáà tàbí gọ́tà, torí inú odò náà ni gọ́tà ń lọ. Ẹ wá ẹni tó ní àpótí ńlá. Ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á. Bí ọ̀nà gbogbo bá dí, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹran kí ó pa á láìjẹ ìyà. Ìyẹn sàn ju kí ó lọ bí sí odò àwọn apẹja lọ.

Kí ẹ tó sanwó rárá, ẹ bi olùtajà ní ìbéèrè kan: "Bí ó bá gùn tó apá mi, ṣé ẹ máa gbà á padà?" Bí ó bá ní rárá, ẹ ra kànìnkànìn, kí ẹ máa nu gíláàsì yín fúnra yín.